Ihò Abẹ́rẹ́ Lára Ọ̀rá Gúgúrú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn máa fi ẹnu pariwo létí wọn. Èmi kọ́. Bí mo bá wọ ọkọ̀, tí ẹni tó jókòó tì mí já ọ̀rá gúgúrú, tó ń rún un káú-káú, ńṣe ni ara mi máa ń balẹ̀. Mo lè sùn lọ pàápàá. Àwọn ará ilé mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan wà láyé mi tó jẹ́ pé bí gúgúrú bá ró lẹ́nu mi láàárọ̀, mo mọ̀ pé ọjọ́ náà á dára. Bí kò bá ró, mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù.

Ìgbà ìjọba alágbádá ni. Mo ti lóyún kan rí, ó sì ti bàjẹ́ lára mi. Èébì ni oyún yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Mo bì, mo bì, títí kò fi sí omi kankan lára mi mọ́, ni wọ́n bá fún mi ní bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí mi lápá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí oyún náà wálẹ̀, èmi nìkan ni mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, ìyá tó bí mi ti sáré lọ sílé lọ gbé ẹ̀kọ wá. Ògiri aláwọ̀ ewé kan ni mò ń wò. Bóyá èébì ló fà á, bóyá kì í ṣe òun, dókítà ò sọ fún mi, èmi náà ò bi í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí oyún kejì dé, tí èébì tún tẹ̀ lé e dé, kì í ṣe èébì ni mò ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ni. Mo ti sọ fún ara mi pé bí mo bá tún sùn sórí ẹ̀, ọmọ yìí náà á lọ.

Ilé ìyá ọkọ mi ni à ń gbé, ní Ìtòkú. Mùsùlùmí ni wọ́n láti ìran baba wọn, oníṣòwò sì ni wọ́n. Abọ́ àti ìkòkò ni Màámi, ìyá ọkọ mi, ń tà lọ́jà. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, Alájà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Èmi ní tèmi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Aké ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màámi kì í bá mi jà, wọn kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ìyàwó, ṣé dáadáa lo jí?" "Dáadáa ni, Màámi." Ó parí nìyẹn. Kódà nígbà tí oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò ju "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò" lọ, wọ́n sì kọjá lọ sẹ́nu òwò wọn. Ó dùn mí. Mo gbé e sínú.

Nọ́ọ̀sì tó ń wo àwọn aboyún nígbà yẹn, obìnrin gíga kan ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí gbèsè ń bí nínú. Mo gun orí ìwọ̀n, ó wò ó, ó pòṣé.

"Ìyàwó, ò ń joro o. Tí o bá padà wá, tí nǹkan yìí bá tún lọ sílẹ̀ ju ibi tó wà yìí lọ, bẹ́ẹ̀dì la máa fún ẹ. Mi ò ní í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, kí n gbọ́ ohun tóun fẹ́ sọ. Ó ní láàárọ̀, kí n tó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, kí n fi nǹkan gbígbẹ sẹ́nu, nǹkan tó ń ró lábẹ́ eyín, kí n jẹ ẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, kí n sinmi díẹ̀, kí n tó dìde. Ó ní tí ìyẹn bá lè dúró nínú mi, oúnjẹ tó kù á rí ibi jókòó sí.

Mo gbìyànjú bisikíìtì, mo bì í. Mo gbìyànjú búrẹ́dì tí wọ́n yan lórí èédú, mo bì í. Kókóró? Òróró inú ẹ̀ nìkan, ó gbé ìfun mi wá sẹ́nu. Gàrí gbígbẹ fẹ́ẹ̀ fún mi pa. Ọjọ́ kan ni ọkọ mi wá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú gúgúrú. Tíṣà ni, lápá Òṣíẹ̀lẹ̀, obìnrin kan sì wà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ wọn tó ń yan gúgúrú, tó ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, tó ń fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá náà pọ̀ pinpin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ju ẹyọ kan sẹ́nu, nítorí kí ọkọ mi má baà ní mi ò mọ oore. Ó ró. Mo gbé e mì. Mo dúró de èébì, èébì ò dé. Mo ju òmíràn sí i. Kí n tó mọ̀, mo ti jẹ ọ̀rá náà tán, mo dìde, mo rìn dé ẹ̀yìnkùlé lẹ́sẹ̀ ara mi, mo bu omi bọ́jú. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn mo jẹ ẹ̀bà! Mo jẹ ẹ̀bà tán, mo lá ọwọ́. Ọkọ mi jókòó, ó ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá.

Ẹ lè ní, ṣé gúgúrú ló wá le tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò yan án nílé? Háà! Òróró tó bá gbóná ní ilé kẹta sí wa, imú mi ti gbọ́ ọ, mo ti ń wá garawa. Èyí tí wọ́n sì ń kiri nínú ìgboro, òjò ti ń pa á láti orí àtẹ. Àkókò òjò ni. Ti Òṣíẹ̀lẹ̀ nìkan ló bá ara mi mu, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni obìnrin náà sì ń yan án. Nítorí náà ọkọ mi á ra èyí tó máa tó mi jẹ títí Jímọ̀ mìíràn á fi dé, á tò ó sínú páálí, á gbé e wá sílé. Wàhálà tó kù ò ju kó má rọ̀ lọ.

Páálí àkọ́kọ́ wà nínú yàrá wa, ó sì dára. Ìgbà tí èkejì dé ni òrùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Páànù ilé náà ti dógùn-ún, omi ń kán sí igun yàrá, ó ń kán sórí àga, ó kù díẹ̀ kó kán sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ọkọ mi ní òun ò lè máa wo gúgúrú ìyàwó òun kó máa wẹ̀. Ó gbé páálí fún Màámi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀, ó sì sá tẹ̀ lé mọ́tò. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo wà nínú ilé ìwẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ẹ̀, Màámi fúnra wọn ló ń gbé gúgúrú wá fún mi. Tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á na ọ̀rá kan wọlé, wọ́n á lọ. Mo já ti àkọ́kọ́, mo ju ẹyọ kan sẹ́nu. Kò ró. Ó rọ̀ bí òwú, ó ń fà lábẹ́ eyín. Mo rọ́jú gbé e mì. Mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo fi dá a padà. Mo ní bóyá ẹyọ kan ló bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, Màámi na ọ̀rá mìíràn wọlé, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ìyẹn náà rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹ̀bà di ohun tí mi ò lè wò mọ́. Mo mú téèpù tí mo fi ń wọn àwọn oníbàárà mi, mo fi yí ìbàdí ara mi ká, mo rí i pé mò ń dín, níbi tó yẹ kí n máa pọ̀. Ọjọ́ tí mo máa padà lọ gun ìwọ̀n ọ̀hún sì ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo gbé ọ̀rá náà sókè sí ojú fèrèsé, mo ní kí n wo ohun tó ń ṣe é. Òógùn wà nínú ẹ̀, omi wẹ́wẹ́. Mo tún wò ó dáadáa. Ihò! Ihò tín-ín-tín-ín, ó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá. Aránṣọ ni mí o. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé eku ló jẹ ẹ́, tàbí pé iná àbẹ́là ló jó o. Ihò abẹ́rẹ́ ni. Mo sáré wá àwọn ọ̀rá tí mo ti jẹ sẹ́yìn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ló ní in.

Orí mi wú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: aboyún tí oyún ti bàjẹ́ lára ẹ̀ rí, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún lójoojúmọ́, tí ẹnìkan wá ń fi abẹ́rẹ́ lu oúnjẹ náà níkọ̀kọ̀. Kí lẹ máa rò? Gbogbo ohun tí mo ti ń gbọ́ nípa ìyá ọkọ láti kékeré pátá ló sáré wá sí mi lórí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Mo rántí bí wọ́n ṣe dákẹ́ nígbà tí ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rántí ẹ̀rín músẹ́ ọjọ́ kẹta. Mo fa àpò mi yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju aṣọ sí i, Aké ni mò ń lọ, sílé bàbá mi, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró. Nígbà tó yá, mo ní rárá. N kò ní í sá bí olè. Ẹni tó lu gúgúrú mi máa sọ ohun tí mo fi ṣe é.

Mo kó àwọn ọ̀rá náà dání, mo kọjá sí yàrá Màámi. Wọ́n jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ni wọ́n; mo kúnlẹ̀. Tìbínú-tìbínú ni mo fi kúnlẹ̀, orúnkún mi dún nílẹ̀ gbì.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi abẹ́rẹ́ lu oúnjẹ mi?"

"Èmi ni," ni wọ́n dáhùn.

Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Bí ẹni pé mo béèrè ẹni tó gbálẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màámi?"

"Kí ló dé? Ṣé kò tó ni? Mo ní kí n má lù ú jù."

"Kí ló dé tí ẹ ń lù ú? Kí ni mo fi ṣe yín?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ojú sókè. Wọ́n wò mí, wọ́n wo àwọn ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi tẹ̀sùbáà kọ́ ọrùn, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Dìde nílẹ̀ kí òtútù ilẹ̀ má mú ẹ. Máa bọ̀."

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí àmù méjì tí gbogbo ilé ti ń bu omi mu wà. Ibẹ̀ ló ṣókùnkùn jù, ibẹ̀ ló sì tutù jù nílé náà. Yanrìn tútù ni wọ́n gbé àwọn àmù náà lé. Láàárín méjèèjì ni mo ti rí agbọ̀n kan, wọ́n tẹ́ ewé gbòdógì sí i nínú, ewé tútù yọ̀yọ̀. Lórí ewé náà ni gúgúrú mi sùn sí bí ọba. Wọ́n fi ewé mìíràn bò ó, wọ́n sì fi àpò ìdọ̀họ tí omi ń kán lára ẹ̀ bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Wò ó," ni Màámi wí. Ohùn wọn kún fún ayọ̀. "Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń wọ́n omi sórí àpò yìí. Mi ò tíì gbàgbé rí."

Mo gbé igun àpò náà sókè, omi kán sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ọkọ ẹ ló gbé e lé mi lọ́wọ́," ni wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. "Ó ní, 'Màámi, ẹ bá wa gbé e síbi tútù tó gbẹ.' Mo ní kí ló wí? Ó ti sá lọ. Mo jókòó, mo rò ó. Ibi tó bá tutù, kò lè gbẹ. Èyí tó bá sì gbẹ, ṣé ó ń tutù ni? Mo ní tútù ló kọ́kọ́ dárúkọ, tútù ló ṣe pàtàkì sí i. Ìyá tèmi sì rèé, obì ni wọ́n tà títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Tí a bá fẹ́ kí obì wà ní tútù, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Obì tí a bá sì dì mọ́ inú ọ̀rá tí kò mí, ìdin ló máa bí. Ohun tó jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ lù ú nìyẹn, kí ó lè máa mí."

"Màámi," ni mo wí, "gúgúrú kì í ṣe obì."

"Ṣé mi ò mọ̀ pé kì í ṣe obì ni?"

"Gúgúrú tútù, Màámi! Ta ló ń jẹ gúgúrú tútù?"

"Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo wá ní, oyún ni. Nígbà tí mo lóyún ọkọ ẹ, amọ̀ ògiri ilé bàbá ẹ̀ ni mò ń ha jẹ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde kí n má baà wó ilé lé wọn lórí. Ta ni mo jẹ́ tí màá bi aboyún léèrè ohun tó wù ú?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbá mi mú. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Màámi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí à ń rín. Lójijì ni mo wá rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa mí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ọmọ mi. Obì ni wọ́n fi mí ṣe! Ara mi fúyẹ́ débi pé mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, nínú omi, mi ò bìkítà.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn. Mo sọ pé bí gúgúrú bá rọ̀, mo ń bì í. Bí mo bá bì í, oúnjẹ mìíràn ò ní í dúró. Bí oúnjẹ ò bá dúró, màá fúyẹ́ lórí ìwọ̀n, wọ́n á sì dá mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti pàdánù èyí àkọ́kọ́. Màámi kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kí ló dé tí o ò ti sọ ọ́?"

"Ẹ ò bi mí, Màámi."

"Mi ò bi ẹ́ nítorí kí n má baà fọwọ́ kan egbò ni. Mo ní bí mo bá ti la ẹnu, ìwọ á rántí èyí tó lọ." Wọ́n mi orí. "Àṣé ńṣe ni mo fi ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀."

Wọ́n fà mí dìde, wọ́n mú mi padà sí yàrá wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wọ́ àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí tí wọ́n gbé ti Mẹ́kà bọ̀ ni, ìdérí ẹ̀ le débi pé ó máa ń dún pọ́ọ̀ tí wọ́n bá ṣí i. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án nínú ilé náà, ọkọ mi pàápàá ò jẹ́ dán an wò. Wọ́n ṣí i. Aṣọ funfun kan ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Mo mọ aṣọ náà kí wọ́n tó sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn Alájà ìgbà náà ló ní irú ẹ̀: wọ́n á rà á ní Mẹ́kà, wọ́n á fi omi Sámúsámù, omi mímọ́ ibẹ̀, fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e pamọ́ de ọjọ́ tí wọ́n máa fi sin wọ́n. Màámi gbé e jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, rárá o! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a padà."

"Èwo ni rárá?" Wọ́n ti ń fi ìnujú gbígbẹ nu inú àpótí náà. "Ikú ò dá ọjọ́ fún mi. Oyún ló dá oṣù. Aṣọ yìí lè dúró. Ẹni tó ń bọ̀ yẹn ni kò lè dúró."

Mo kàn di ọwọ́ wọn mú, ìnujú wà nínú ẹ̀.

Oòrùn yọ díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a gbé àpótí náà lọ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa, ibi tí a máa ń sá aṣọ sí, a ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ dénú. Gúgúrú tútù, a dà á fún adìyẹ. Wọn ò bì í. Nígbà tí ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó jẹ́ Jímọ̀, pẹ̀lú páálí tuntun, àwa méjèèjì ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tí a dúró dè é.

"Tíṣà," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ibo ló tutù, tó tún gbẹ?"

"Họ́wù! Ohun tí wọ́n fi òyìnbó kọ sára agolo mílíìkì ni," ló dáhùn.

"Ẹ kó òyìnbó yín lọ sí kíláàsì," ni mo wí. Màámi ní kí n tún un wí fún un dáadáa. Bí wọ́n ṣe ròyìn ìtọ́jú obì fún un tán, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi ju páálí sílẹ̀. Mo bú u gan-an.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gúgúrú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Afẹ́fẹ́ òjò ni ọ̀tá ẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi iná lẹ̀, ẹ má lù ú, ẹ má já a títí ẹ ó fi fẹ́ jẹ ẹ́. A da ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ sínú àkísà mímọ́, a so ó, a gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí òun máa mu ọ̀rinrin tó bá fẹ́ yọ́ wọlé, a sì ń sá a nígbàkígbà tí oòrùn bá yọ. Orí kọ́bọ́ọ̀dù Màámi ni àpótí náà wà, ó jìnnà sí àmù, ó jìnnà sí fèrèsé, ó jìnnà sí sítóòfù kẹrosíìnì pẹ̀lú, nítorí pé gúgúrú ń gbé òórùn. Ẹni tó bá ṣí i gbọ́dọ̀ mú ohun tó fẹ́ mú kíákíá, kó dé e pa. Màámi ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí i. Bí ọ̀rá tí mo ti já bá ṣẹ́kù tó sì rọ̀, wọ́n á gbé ìkòkò òfìfo kaná, láìsí òróró, á gbóná díẹ̀, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á da gúgúrú náà sí i, wọ́n á máa rò ó. Bó bá ti tutù, á tún ró. Ẹ dákun, mo ní bó bá ti tutù. Ẹ má da omi sí i o.

Ìyàtọ̀ kan tún wà. Láàárọ̀, Màámi kì í na ọ̀rá wọlé kí wọ́n lọ mọ́. Wọ́n á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ó ń ró?"

"Ó ń ró, Màámi."

"Jẹ́ kí n gbọ́."

Màá fọ́ ọ káú sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. "Alihamudulilai," ni wọ́n á wí, ẹsẹ̀ wọn á wá máa lọ. Ọkọ mi á fi ìrọ̀rí bo etí, á ní ilé wèrè lòun ń gbé.

Ọjọ́ ìwọ̀n pé. Màámi ní àwọn ń bá mi lọ. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, ọjọ́ ọjà ni. Wọ́n ní ọjà ò ní í sá lọ. A dé ibẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú ẹrù kan tí wọ́n dì sínú ìborùn, mo rò pé abọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ fi jíṣẹ́ fún oníbàárà. Nọ́ọ̀sì gíga ọ̀hún ní kí n gun ìwọ̀n. Mo di ojú mi.

"Gbẹ́sẹ̀ dáadáa," ló wí. Ó tún wò ó. "Kí lò ń jẹ?"

"Gúgúrú, mà."

"Gúgúrú?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Máa jẹ ẹ́ lọ. Ó ti gòkè. Máa lọ sílé."

"Ẹ ò fún mi ní bẹ́ẹ̀dì mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀dì kí ni? Ṣé o fẹ́ wá bá wa sùn ni?"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ara yín náà lè balẹ̀: ọmọ yẹn wáyé, obìnrin ni, ó ké títí tí gbogbo Ìtòkú fi gbọ́. Kò fẹ́ràn gúgúrú rárá. Bí ẹ bá gbé gúgúrú àti ẹ̀pà sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ẹ̀pà ló máa ṣà jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé mi ò sùn síbẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde.

Màámi dìde bí wọ́n ṣe rí mi. Ẹrù wọn ti tú díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo sì rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe abọ́. Ẹní ni, àti aṣọ ìbora, àti bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, àti ọṣẹ.

"Màámi, níbo lẹ ń lọ?"

Wọ́n kọ́kọ́ wo ojú mi, wọ́n ń wá èsì níbẹ̀, kí wọ́n tó dáhùn.

"Bí wọ́n bá ní kí o dúró ni. Nígbà yẹn, ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Èmi jókòó sí ìsọ̀ mi, mò ń ta abọ́, wọ́n wá bá mi lọ́jà pé ó ti wálẹ̀. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ ni màá tẹ́ ẹní mi sí. Kí wọ́n wá lé mi."

Mo ti ẹní náà padà sínú ìborùn.

"Wọn ò dá mi dúró, Màámi. Wọ́n ní ká máa lọ sílé."

Wọ́n tún ìborùn náà so. Mo fẹ́ bá wọn gbé e, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù, wọ́n gbé e ka orí, ẹní yọ lápá kan, ẹnu bútà yọ lápá kejì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde sójú títì. Àwọn oníbàárà wọn àti àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: "Alájà, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ̀ ń rin ìrìn-àjò ni?"

"Rárá o," ni Màámi ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn ròkè ju bí mo ti gbọ́ ọ rí lọ. "Ilé là ń lọ. Èmi àti ọmọ mi, ilé là ń lọ."